Bí Ọ̀rá Ṣe Dé Inú Ṣàkì

Àwa tá à ń ra ṣàkì lódò ẹran, kì í yà wá lẹ́nu mọ́ tí alápatà bá la ikùn màlúù, tó sì fa ìdì ọ̀rá jáde, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní leda. Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ojú irin dé Kánò lọ́dún 1911, tí àwọn bàbá wa ń tẹ̀dó sí Sabon Gari lẹ́yìn náà, ewé ni wọ́n fi ń di nǹkan. Obì láti Agége, inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé sí ló ń bá rélùwéè wá. Ẹ̀kọ, ewé. Mọ́ínmọ́ín, ewé. Èyí tá a bá dà sí ààtàn, màlúù á jẹ ẹ́, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan.

Ọdún 1933 ni àwọn òyìnbó ṣèèṣì rí èròjà ọ̀rá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ará Sweden kan, Sten Gustaf Thulin, ló ṣe irú àpò ọlọ́wọ́ méjì tá a fi ń kó ọjà fún oníbàárà. 1965 ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, píọ̀ wọ́tà gbòde. Bí ààtàn ṣe yí padà nìyẹn.

Màlúù ò yí padà ní tiẹ̀. Kì í fi ètè ṣa ewé bíi ti ewúrẹ́. Ahọ́n ló fi ń wọ́ oúnjẹ, á gbé e mì, ìgbà tó bá sinmi ló tó máa jẹ àpọ̀jẹ. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko ti gbẹ, ọ̀rá tí iyọ̀ tàbí ọbẹ̀ wà lára rẹ̀, oúnjẹ ni lójú rẹ̀. Kì í jẹrà nínú ikùn, á máa lọ́ mọ́ra ni. Ikùn á tóbi, ara á máa rù. Ẹni tó ni ín á rò pé ó yó, ebi ló ń pa á o! Tó bá kú, wọ́n á máa wá ẹni tó fún un ní májèlé.

Wáyà àti ìṣó tún wà níbẹ̀. Àpò ikùn kejì ni wọ́n ń bọ́ sí, kò sì jìnnà sí ọkàn. Tí ó bá gún ọkàn, ó parí. Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ kí màlúù gbé òòfà mì, kó lè di irin mú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òòfà wo ló máa mú ọ̀rá?

Lọ́jà wa níbí, àwọn alákàrà kan ṣì ń fi bébà di tiwọn. Àwa yòókù, ọ̀rá méjì là ń fi síra fún oníbàárà, kó má baà já lọ́nà.