Láti Ilé-Iṣẹ́ dé Orí Àtẹ: Ìtàn Luxottica àti Ìpín Àwọn Oníṣẹ́ Awò Ojú Aládàádúró

Ìfáàrà

Nínú ètò ọrọ̀-ajé tí ó ti wà láti ayébáyé, ẹni tí ó ṣe nǹkan àti ẹni tí ó tà á kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ahunṣọ a jókòó sí ìdí òfì, alájàpá a ra ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, alátẹ a sì tà á fún ẹni tí yóò fi bora. Olúkúlùkù ni ó ní èrè tirẹ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù ni ó sì ní ohun tí ó mọ̀ tí ẹnìkejì kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ahunṣọ bá lọ ra ìsọ̀ mọ́ òfì rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: ẹni tí ń kó ẹrù fún àwọn alátẹ yòókù ti di ẹni tí ń bá wọn du oníbàárà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí nínú òwò awò ojú ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1961 sí 2021. Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ìyípadà náà nípasẹ̀ ìtàn ilé-iṣẹ́ Luxottica ti ilẹ̀ Ítálì, ó sì wo ibi tí ó gbé àwọn oníṣẹ́ awò ojú aládàádúró dé.

Òwò náà kí ìyípadà tó dé

Oníṣẹ́ awò ojú kì í ṣe ọlọ́jà lásán. Òun ni ó ń wọn àlàfo tí ó wà láàrin ẹyinjú méjèèjì, òun ni ó ń gé lẹ́ńsì kí ó lè bá férémù mu, òun náà ni ó ń tẹ apá awò títí yóò fi jókòó dáadáa lórí imú àti lẹ́yìn etí. Owó tí ó ń gbà lórí iṣẹ́ ọwọ́ yìí kì í tó nǹkan. Èrè orí férémù àti lẹ́ńsì ni ó fi ń san owó ilé àti owó ọmọṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe férémù kò sì ní ọ̀nà gbòógì mìíràn tí ó lè gbà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà bí kò ṣe nípasẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí olúkúlùkù ṣe nílò ẹnìkejì ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ní Amẹ́ríkà, ohun méjì ni ó kọ́kọ́ mi ètò yìí. Ní 1978, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba tí ń mójú tó òwò ṣíṣe, gbé òfin kan jáde pé dókítà ojú gbọ́dọ̀ fún aláìsàn ní ìwé àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀, yálà ó fẹ́ ra awò lọ́wọ́ dókítà náà tàbí kò fẹ́. Láti ìgbà náà, oníbàárà lè mú ìwé rẹ̀ lọ sí ibi tí ó bá wù ú. Ní 1983, wọ́n dá LensCrafters sílẹ̀, ilé-ìtajà tí ó gbé ẹ̀rọ tí ń gé lẹ́ńsì sínú ìsọ̀ gan-an, tí ó sì ṣèlérí pé awò yóò jáde láàrin nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹni tí ó ti mọ́ lára láti dúró fún ọjọ́ púpọ̀ kò ní fojú kéré irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Del Vecchio àti ìlú Agordo

Ní àkókò kan náà, àwọn òkè àríwá ìlà-oòrùn Ítálì ti ń mú nǹkan mìíràn jáde. Láti 1878 ni wọ́n ti ń ṣe férémù ní agbègbè Cadore, iṣẹ́ náà sì tàn ká àwọn ìlú ìtòsí. Leonardo Del Vecchio, ẹni tí wọ́n bí ní Milan ní 1935, ni yóò sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i. Ilé ìtọ́jú ọmọ òrukàn ni ó gbé dàgbà, ó sì kọ́ṣẹ́ irinṣẹ́ rírọ. Ní 1961, ó dá Luxottica sílẹ̀ ní Agordo, ìlú kékeré kan tí iṣẹ́ ìwakùsà rẹ̀ ń kógbá sílé, tí ó sì ń fi ilẹ̀ fa àwọn tí ó bá lè pèsè iṣẹ́ mọ́ra.

Ẹ̀yà ara férémù ni ó kọ́kọ́ ń ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ìrírí náà kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan: ẹni tí kò bá mọ oníbàárà ìkẹyìn, ẹlòmíràn ni yóò máa bù ú ní iye. Ní 1967, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta odidi férémù ní orúkọ ara rẹ̀. Ní 1974, ó ra Scarrone, ilé-iṣẹ́ tí ń pín ọjà fún àwọn alátẹ, kí alágbàtà má baà dúró láàrin òun àti wọn mọ́. Ní 1988, ó gba àṣẹ láti máa fi orúkọ Armani ṣe awò. Láti ìgbà náà ni awò ojú ti ń kúrò ní ohun èlò aláìsàn lásán, tí ó ń di ohun ọ̀ṣọ́. Ní 1990, ìpín ìdókòwò Luxottica wọ ọjà New York. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni ó kù, ìyẹn ìsọ̀ gan-an.

Nígbà tí ahunṣọ ra ìsọ̀

Ní 1995, Luxottica fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.4 dọ́là ra US Shoe Corporation. Kì í ṣe bàtà ni ó ń wá. LensCrafters wà lára ohun ìní ilé-iṣẹ́ náà, òun nìkan ni Luxottica sì fẹ́ dì mú. Ó ta ẹ̀ka bàtà àti aṣọ kúrò. Oníṣẹ́ awò ojú tí ó ti ń ra férémù Luxottica láti ọdún pípẹ́ wá rí i pé owó tí òun ń san fún ẹrù ń lọ sí àpò ẹni tí ó ṣí ìsọ̀ sí òdìkejì títì. Ẹni náà mọ iye tí òun ń rà á, ó mọ irú èyí tí ó ń tà jù lọ́wọ́ òun, ó sì lè ta irú rẹ̀ ní iye tí ó bá wù ú.

Ní 1999, ó ra Ray-Ban lọ́wọ́ Bausch & Lomb ní mílíọ̀nù 640 dọ́là. Nígbà náà, Ray-Ban ti di ọjà ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà ní ilé epo. Luxottica kó o kúrò ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ó tún bí wọ́n ṣe ń ṣe é ṣe, ó sì gbé iye rẹ̀ sókè. Ní 2001, ó ra Sunglass Hut. Ní 2003, ó ra OPSM ti Ọsirélíà. Ní 2004, ó ra Cole National, tí ó ni Pearle Vision.

Ìjà òun àti Oakley ni ó fi agbára tuntun yìí hàn kedere jù lọ. Sunglass Hut ni oníbàárà tí ó tóbi jù lọ fún Oakley. Bí Luxottica ṣe di olówó Sunglass Hut ní 2001, ó dín iye ẹrù tí ó ń gbà lọ́wọ́ Oakley kù gidigidi, ìpín ìdókòwò Oakley sì já wálẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Wọ́n parí ìjà náà kí ọdún tó tán, ṣùgbọ́n ní 2007, Luxottica ra Oakley fúnra rẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Nítorí náà, kì í ṣe alátẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tí ń ṣe ọjà ṣùgbọ́n tí kò ní ìsọ̀ pàápàá ti bọ́ sábẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó ní méjèèjì.

Adójútòfò, lẹ́ńsì, àti ìdàpọ̀ ńlá

Luxottica tún ni EyeMed, ètò adójútòfò fún ìtọ́jú ojú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù fún aládàádúró ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá kọ ètò náà, ó lè pàdánù àwọn oníbàárà tí ibi iṣẹ́ wọn ti bá wọn forúkọ sílẹ̀. Bí ó bá gbà á, ẹni tí ń bá a díje ni yóò máa pinnu iye tí wọn yóò san fún iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́ńsì ni ó kù. Essilor ti ilẹ̀ Faransé, tí Essel àti Silor dà pọ̀ di ní 1972, ni ó ṣáájú níbẹ̀. Ìtàn rẹ̀ pọ́n ẹni lójú: láti inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ awò ojú dá sílẹ̀ ní Paris ní 1849 ni Essel ti ṣẹ̀ wá. Ní 2018, Essilor àti Luxottica di ọ̀kan, wọ́n sì ń jẹ́ EssilorLuxottica. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ tuntun náà ra GrandVision, tí ó ní ilé-ìtajà tí ó ju 7,000 lọ. Àjọ European Commission kò fọwọ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ó ń ba àjọ náà lẹ́rù ni pé olùpèsè lè fi ẹrù rẹ̀ ni àwọn alátẹ yòókù lára. Nítorí náà ó pàṣẹ kí wọ́n ta ilé-ìtajà tí ó ju 300 lọ ní Bẹ́ljíọ̀mù, Nẹ́dálańdì àti Ítálì. Ẹ̀hónú àwọn aládàádúró ti wá wọ inú ìwé ìjọba.

Ọ̀nà tí àwọn aládàádúró gbà dúró

Òdodo ni pé ìyípadà yìí kò mú ibi nìkan wá. Oníbàárà ń gba awò rẹ̀ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì rí iṣẹ́ ní àfonífojì tí ìwakùsà ti kú. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìdíje kún ọjà níbi tí orúkọ mẹ́wàá lórí àtẹ ti lè jáde láti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Àwọn aládàádúró kò káwọ́ gbera. Ní Faransé, wọ́n kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bíi Krys àti Optic 2000, kí wọ́n lè jọ ra ẹrù, kí ìsọ̀ sì jẹ́ ti olúkúlùkù. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ní Bìrìtìkó, Specsavers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1984, la ọ̀nà àárín: ó ń bá oníṣẹ́ awò ojú ní ìsọ̀ pọ̀. Àwọn mìíràn yẹra fún orúkọ ńláńlá, wọ́n ń ta férémù àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, wọ́n sì gbájú mọ́ ìtọ́jú tí ó gba sùúrù, irú bí àyẹ̀wò ojú ọmọdé.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé kì í ṣe títóbi Luxottica ni ó ká àwọn aládàádúró mọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá ti wà ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ó yí òwò náà padà ni pé ọwọ́ kan náà ni ó wá di férémù, lẹ́ńsì, ìsọ̀ àti ètò adójútòfò mú, tí ìnílò ara ẹni tí ń dáàbò bo ẹni kékeré sì pòórá. Del Vecchio, tí ó kú ní 2022, ti rí i nígbà tí ó ṣì ń ṣe ẹ̀yà ara férémù fún ẹlòmíràn pé ẹni tí kò mọ oníbàárà kò lè dá iye lé ọjà rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan náà ni ó kù fún oníṣẹ́ awò ojú aládàádúró. Wọ́n lè gba férémù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lè bá a ṣí ìsọ̀ sí òdìkejì títì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń tẹ apá awò sí etí ìyá àgbà kan láti ogún ọdún, tí ó mọ èwo nínú ojú rẹ̀ méjèèjì ni ó kọ́kọ́ ṣú, ní ohun kan lọ́wọ́ tí kò sí nínú ẹrù tí wọ́n ń kó wá fún un.