Bí update Windows kan ṣe pa fáìlì àwọn èèyàn rẹ́ lọ́dún 2018

Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá, ọdún 2018 ni iléeṣẹ́ Microsoft gbé update tuntun jáde fún Windows 10, èyí tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 1809. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dá a dúró.

Àwọn kan ṣe update náà tán, wọ́n tan kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì rí i pé àwòrán, orin àti ìwé tí wọ́n ti kó jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún ti pòórá. Wọn kò sí nínú Recycle Bin pẹ̀lú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ìgbálẹ̀ ló gbá ohun tí kì í ṣe pàǹtí. Lẹ́yìn update oṣù Kẹrin ọdún náà, àwọn oníbàárà ṣàròyé pé àwọn ń rí fódà òfìfo tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú èyí tí àwọn ń lò. Microsoft wá fi ètò kan sínú 1809 láti kó irú fódà bẹ́ẹ̀ dànù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣófo. Ẹni tí àyè kò gbà mọ́ lórí díráìfù C rẹ̀ lè ní kí Windows máa tọ́jú fáìlì sórí díráìfù D. Bí kò bá kó àwọn ti àtijọ́ lọ síbẹ̀, inú fódà àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣì wà. Fódà yẹn gan-an ni update náà pa rẹ́, tòun ti ẹrù inú rẹ̀.

Ṣé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ ni?

Wọ́n kìlọ̀. Díẹ̀ lára àwọn Windows Insider, ìyẹn àwọn tó ń bá Microsoft dán update wò, ti kọ ọ́ sínú Feedback Hub ṣáájú pé fáìlì àwọn ti lọ. Àmọ́ ìbò ló ń gbé ẹjọ́ sókè níbẹ̀, ìbò tiwọn kò sì pọ̀. Ẹnìkan tí ilé rẹ̀ jó kò lè pariwo tó ẹgbẹ̀rún èèyàn tí àwọ̀ bọ́tìnnì kò tẹ́ lọ́rùn.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni Microsoft tó fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ fún èèyàn láti sọ bí ìṣòro rẹ̀ ṣe le tó.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá, John Cable tó jẹ́ ọ̀gá ní Microsoft sọ pé nínú 10,000 kọ̀ǹpútà tó gba update náà, bí ẹyọ kan ni ìròyìn ti wá pé ó pàdánù fáìlì. Iye yẹn kéré, àfi bí ìwọ bá ni ẹyọ kan ọ̀hún.

Ó rọ àwọn tọ́rọ̀ kàn láti dín lílo kọ̀ǹpútà wọn kù, kí wọ́n sì pe Microsoft. Fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ ṣì lè wà lórí díìsìkì títí nǹkan mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá ni 1809 tó padà jáde.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, update mìíràn, KB4532693, tún kó jìnnìjìnnì bá àwọn kan nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà wọn ṣófo. Lọ́tẹ̀ yìí, fáìlì wọn kò lọ: ó wà lórí díráìfù C, nínú fódà Users, níbi tí Windows ti fi .bak tàbí .000 kún ìparí orúkọ fódà wọn.