Kevin Warren, kọmíṣánnà Big Ten: ọdún mẹ́ta tí ó yí eré ìdárayá yunifásítì Amẹ́ríkà padà

Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, bí wọ́n bá dárúkọ kọmíṣánnà, ẹni tí gómìnà yàn láti bójú tó ètò ẹ̀kọ́, ìlera tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn ni ọkàn àwọn ènìyàn máa ń lọ sí. Irú kọmíṣánnà mìíràn wà ní Amẹ́ríkà tí kò sí gómìnà tí ó yàn án, tí kì í sì í ṣe ará ìjọba rárá. Òun ni olórí ọ́fíìsì fún ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tí wọ́n jọ ń bá ara wọn díje nínú eré ìdárayá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ọmọ Yorùbá tí eré sísá tàbí bọ́ọ̀lù bá sọ di akẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun. Kevin Warren, tí ó wà ní ipò náà nínú ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Big Ten láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 títí di oṣù kẹrin ọdún 2023, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe kọmíṣánnà nínú ẹgbẹ́ márùn-ún tí ó lágbára jù lọ nígbà náà.

Ẹni tí ó bá mọ Ìbàràpá Méje kò ní pẹ́ lóye bí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Igbó-Ọrà, Èrúwà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà, Ìgangan àti Láńlátẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọba tirẹ̀. Eléruwà kì í pàṣẹ fún Olú Igbó-Ọrà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ tí ó kan gbogbo wọn, Ìbàràpá ni wọ́n jọ ń jẹ́. Yunifásítì méje náà ni ó pàdé ní Chicago ní ọdún 1896 láti dá ẹgbẹ́ tí ó wá di Big Ten sílẹ̀: Chicago, Illinois, Michigan, Minnesota, Northwestern, Purdue àti Wisconsin. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni Mẹ́wàá Ńlá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2024, méjìdínlógún ni wọ́n, síbẹ̀ wọn kò yí orúkọ padà. Wọn kò fẹ́ kí orúkọ tí ọjà ti mọ̀ sọnù.

Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí ó fara jọ èyí jù lọ ni NUGA, tí yunifásítì márùn-ún, Ìbàdàn, Nsukka, Zaria, Ifẹ̀ àti Èkó, dá sílẹ̀ ní ọdún 1965. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe ìdíje àkọ́kọ́ ní ọdún 1966. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe ní NIPOGA tiwọn. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ti Èrúwà, tí ó jẹ́ ẹ̀ka The Polytechnic, Ibadan, kí ó tó dá dúró, tí ó sì ń jẹ́ Adeseun Ogundoyin Polytechnic báyìí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ń ṣètò ìdíje ni NUGA àti NIPOGA. Ní ti Big Ten, òwò ńlá ni, tí ó ní ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Rosemont lẹ́bàá Chicago, tí ó sì ní agbẹjọ́rò, adarí eré àti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn.

Iṣẹ́ kọmíṣánnà ni láti ṣètò ìgbà tí ẹgbẹ́ kan yóò bá èkejì pàdé, láti yan àwọn adarí eré, láti fìyà jẹ ẹni tí ó bá rú òfin, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, láti ta ẹ̀tọ́ àfihàn eré náà fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, kí wọ́n sì pín owó rẹ̀. Ohun kan wà tí kò ní, ìyẹn ìbò. Àwọn ọ̀gá àgbà yunifásítì ni wọ́n ń dìbò. Bí wọ́n bá pinnu tán, kọmíṣánnà ni yóò jáde lọ kéde rẹ̀, òun náà ni wọn yóò sì dá lẹ́bi bí kò bá dùn mọ́ àwọn ènìyàn nínú. Ibí yìí ni wàhálà Warren ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú Tempe ní ìpínlẹ̀ Arizona ni ó ti dàgbà. Morrison Warren, bàbá rẹ̀, jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Arizona State. Ní ọdún 1974, nígbà tí Kevin wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan kọlù ú lórí kẹ̀kẹ́, ó sì fọ́ ọ léegun. Wọ́n fi P.O.P. dè é lára, ó sì pẹ́ lórí ibùsùn. Dókítà sọ pé lílúwẹ̀ẹ́ ni yóò ràn án lọ́wọ́ jù lọ láti rìn dáadáa padà. Nígbà tí owó ìtanràn ìjàǹbá náà dé, ọmọ náà bẹ àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n fi nínú rẹ̀ gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sẹ́yìn ilé. Inú omi yẹn ni ó ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, tí ó fi wá gbá básíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Pennsylvania àti lẹ́yìn náà ní Grand Canyon.

Ó gboyè nínú ìmọ̀ òwò ní Arizona State, ó sì gba oyè amòfin ní Notre Dame ní ọdún 1990. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí ó kọ́kọ́ ṣe ni láti ṣojú àwọn yunifásítì tí NCAA, ìyẹn àjọ tí ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì ní gbogbo Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kàn. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà ni Mike Slive, tí òun náà di kọmíṣánnà ẹgbẹ́ SEC láti ọdún 2002 sí 2015. Lẹ́yìn èyí, Warren bọ́ sínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá. Ó ṣiṣẹ́ fún St. Louis Rams, tí wọ́n gba ife Super Bowl ní oṣù kìíní ọdún 2000, fún Detroit Lions, àti láti ọdún 2005 fún Minnesota Vikings. Ní ọdún 2015, Vikings fi í ṣe olórí àbójútó iṣẹ́ gbogbo. Aláwọ̀ dúdú kankan kò dé ipò bẹ́ẹ̀ rí nínú líìgì náà.

Oṣù kẹfà ọdún 2019 ni Big Ten kéde rẹ̀. Láti ọdún 1922, tí wọ́n ti ní kọmíṣánnà àkọ́kọ́, John Griffith, ènìyàn márùn-ún péré ni ó ti jókòó sórí àga náà. Jim Delany, tí Warren gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, lo ọgbọ̀n ọdún, òun ni ó sì dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 2007. Bàtà tí ó fi sílẹ̀ kò kéré.

Warren kò tíì lo oṣù mẹ́ta tí àrùn Kòrónà fi dé. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n fagi lé ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù Big Ten ní Indianapolis nígbà tí àwọn eléré ti wà lórí pápá. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, ẹgbẹ́ náà sún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ọdún náà síwájú, ó ní ìlera àwọn ọmọ ni ó ṣe pàtàkì. SEC àti ACC kò sún tiwọn. Ìgbà yẹn ni ilé gbóná. Àwọn òbí kóra jọ síwájú ọ́fíìsì ní Rosemont, wọ́n ń béèrè iye tí ó dìbò àti ìdí rẹ̀. Àwọn eléré mẹ́jọ láti Nebraska gbé ẹgbẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ohun tí ó tún dá kún un ni pé ọmọ Warren fúnra rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù ní Mississippi State, tí ó wà nínú SEC tí kò dáwọ́ dúró.

Warren kọ lẹ́tà síta ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ pé wọn kò ní tún ìpinnu náà gbé yẹ̀ wò. Inú ìwé ilé ẹjọ́ ni ayé ti wá mọ̀ pé àwọn ọ̀gá yunifásítì mọ́kànlá ni wọ́n dìbò pé kí wọ́n sún un, tí mẹ́ta kọ̀. Bí ó bá sọ iye yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìbínú náà má tó bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ láti bo àwọn tí ó gbà á síṣẹ́, orí rẹ̀ ni gbogbo òkò sì bà. Ààrẹ Donald Trump, tí ìbò ń bọ̀ níwájú rẹ̀, pè é lórí fóònù ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, gbogbo ọ̀gá yunifásítì fi ẹnu kò pé kí eré padà ní ìparí oṣù kẹwàá, pẹ̀lú àyẹ̀wò ojoojúmọ́. Ní oṣù kejìlá, wọ́n tún fagi lé òfin tí ó ní ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mẹ́fà kí ó tó dé àṣekágbá, nítorí pé márùn-ún ni Ohio State, ẹgbẹ́ tí ó lè mú owó wálé jù lọ, rí gbá. Àwọn tí kò fẹ́ràn Warren kò jẹ́ kí èyí kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Inú ọdún ìnira yẹn ni ọmọ Yorùbá kan ti tàn. Ayọ̀ Dosunmu, tí wọ́n bí ní Chicago, tí ó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù fún Illinois, ni ó ṣíwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi 91 sí 88 lu Ohio State lẹ́yìn àfikún àkókò, tí wọ́n sì gba ife Big Ten ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2021. Ní ọdún náà ni Chicago Bulls mú un.

Ọdún 2022 ni Warren dáhùn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, wọ́n kéde pé USC àti UCLA, yunifásítì méjì ní Los Angeles, ń kúrò nínú ẹgbẹ́ Pac-12 bọ̀ wá sí Big Ten. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ, ó bá Fox, CBS àti NBC tọwọ́ bọ ìwé ọdún méje tí àwọn oníròyìn ní ó ju bílíọ̀nù méje dọ́là lọ. Kò sí ẹgbẹ́ yunifásítì tí ó rí irú rẹ̀ gbà rí.

Òwò náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Láti Los Angeles dé Yunifásítì Rutgers ní New Jersey, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, tó bíi 3,900 kìlómítà. Owó bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni wọ́n fi wọn ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù náà yóò fò ó, yóò sì padà wá jókòó sí kíláàsì. Pac-12 ti ré bọ́ láti ìgbà náà. Lẹ́yìn tí Oregon àti Washington tẹ̀ lé àwọn ará Los Angeles, tí àwọn yòókù sì fọ́nká, yunifásítì méjì péré ni ó kù níbẹ̀ ní ọdún 2024.

Warren kò dúró wo ìyẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2023, Chicago Bears kéde pé ó ti di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn, ó sì wọlé síbẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin. Tony Petitti, tí ó ti inú iṣẹ́ tẹlifíṣàn wá, ni Big Ten fi rọ́pò rẹ̀.

Iṣẹ́ tí Petitti bá nílẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2021 ni NCAA ti gbà kí eléré yunifásítì máa fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ gba owó. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2025, Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn tí ó jẹ́ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí Chicago bíi Dosunmu lè na ọwọ́ gbà á. Ọmọ tí ó bá ti Èrúwà tàbí Igbó-Ọrà gba físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fàlàlà, nítorí òfin físà náà dín irú iṣẹ́ tí ó lè fi gba owó kù, kò sì sí kọmíṣánnà tí ó ní agbára lórí òfin náà.