Àmúkùrù Ẹpọ̀n

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbọ́ òwe yìí, nítorí ẹ̀yà ara tó dárúkọ, wọn kì í sì dúró gbọ́ ohun tó ń sọ. Kò ní ká fi àmúkùrù sílẹ̀. Kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ni, pípa ló yẹ ká pa á. Ibi tó bà sí ni òwe ń wò. Ẹni tó bá fi kùmọ̀ lé e á pa kòkòrò, á sì lu ibi tí ọmọ tí a kò tíì bí ti ń wá. Bí òfin ìjọba ṣe rí lára òwò kékeré nìyẹn. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù la máa ń rí pé ó ń jẹ̀rora, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọgbẹ́ náà jìn sí jù. Ọmọṣẹ́ tí ìbá gbà, tí kò gbà mọ́, ni.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé Òṣogbo ju ìlú mìíràn lọ. Ìtàn ìtẹ̀dó rẹ̀ ní, nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá sí etí odò, igi tí wọ́n gé wó sínú omi, ohùn kan sì ké láti inú ibú pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Àwọn àgbà ní ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti wá. Àwọn tó gégi kò bínú aláró. Ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́, wọn ò mọ̀ pé ẹnìkan ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi.

Irú igi bẹ́ẹ̀ wó lu aláró ní Abẹ́òkúta náà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aró mọ̀ pé sùúrù ni. Wọ́n á dá ihò sí ìdí ìkòkò kan, wọ́n á rọ eérú kún inú rẹ̀, wọ́n á gbé e lé ìkòkò mìíràn lórí, wọ́n á wá máa bu omi sí i kó máa kán tó, tó, tó sí ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n ń fi rẹ ẹ̀lú fún ọjọ́ mélòó kan kó tó di aró. Nígbà tí kọ́ọ́sítíkì sódà àti aró òyìnbó dé, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ di ti wákàtí díẹ̀. Àwọn tí kò ní agbára ìkòkò púpọ̀ rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì í lò, aṣọ rẹ̀ á gbó lójijì, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Ní 1936 àwọn obìnrin aláró fárí gá, ọ̀rọ̀ náà di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí, òfin náà kò sì dúró. Mi ò dá Aláké lẹ́bi pé ó rí àmúkùrù. Àmúkùrù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kùmọ̀ tó mú ni mo ń bá a wí.

Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan nítòsí Ọjà Atakúmọ̀sà ní Iléṣà. Ó gbé agolo mílíìkì kan sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì fún mi: risíìtì owó-orí àti lévì lóríṣiríṣi, pupa, funfun, àwọ̀ ewé. Òmíràn ní òǹtẹ̀, òmíràn kò ní. Ọmọṣẹ́ mẹ́rin ló ń sanwó fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò pé márùn-ún, nígbà tí aṣọ ọdún ti kún ilẹ̀. Ó ní àwọn kan ti sọ fún òun pé bí wọ́n bá ti pé márùn-ún, owó mìíràn tún dé.

Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa fún un. Òfin ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, tí wọ́n tún ṣe ní 2011 ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 sókè máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo wọn lọ́dọọdún. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ń dúró de ẹni tó bá gba òṣìṣẹ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ohun rere ni òfin méjèèjì ń wá: kí ènìyàn mọṣẹ́, kí arúgbó má ṣagbe. Ṣùgbọ́n orí ni wọ́n ń kà, ẹni tí wọ́n bá sì ń ka orí rẹ̀ á kọ́ bí a ṣe ń dín orí kù. Ní Faransé, níbi tí ọ̀pọ̀ òfin ti ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣìṣẹ́ 50, ilé-iṣẹ́ tó dúró sí 49 pọ̀ rẹpẹtẹ. Òfin ìṣúná ti 2019 gba ọ̀nà mìíràn: iye tí ilé-iṣẹ́ ń pa lọ́dún ló wò, ó ní nígbà náà pé èyí tí kò bá tó mílíọ̀nù 25 náírà kò ní san owó-orí èrè. Ẹni tó bá gba ọmọṣẹ́ kún ọmọṣẹ́ kò jìyà lábẹ́ irú òfin yẹn.

Ti risíìtì inú agolo ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òfin 1998 ka owó-orí àti lévì tí ìjọba lè gbà, 39 ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà: 8 fún ìjọba àpapọ̀, 11 fún ìpínlẹ̀, 20 fún ìjọba ìbílẹ̀. Ó sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí ọ̀nà nítorí owó-orí. Síbẹ̀ ọlọ́jà ṣì ń bá igi àti okùn pàdé lójú ọ̀nà, ó sì ń dùn mí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ kí òfin kúrò. Ẹni tó bá ti rí bí omi Ọ̀ṣun ṣe pọ́n bí ẹrẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú ilẹ̀ góòlù pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Ṣùgbọ́n òfin ohun àlùmọ́nì ti 2007 fi gbogbo ohun tó wà nínú ilẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Àbújá sì ni ìwé àṣẹ ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń wa góòlù ní ibùdó Ṣẹ́gilọlá nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti 2021 ní lọ́yà tí yóò tọ ìwé yẹn dé ibi tó wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ṣọ́bìrì àti igbá kò ní. Òru ló wá ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń sẹ́ omi kó tó padà sódò, odò sì ń pọ́n sí i. Ọ̀fíìsì kan ní Iléṣà, tí wọn ó ti máa forúkọ ẹgbẹ́ àwọn awakùsà sílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, á ṣe odò náà láǹfààní ju ọlọ́pàá ogún lọ.

Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ yẹn, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé. Ọmọ náà ti gba fíríìdọ̀ọ̀mù, ó ń wá ibi tí wọn ó ti máa sanwó fún un. Aránṣọ kí wọn dáadáa, ó yẹ ìránṣọ ọmọ náà wò lára aṣọ tó wọ̀, ó sì yìn ín.

"Mọ́mì, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ọdún kọjá ná."

Ẹ̀rọ karùn-ún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n fi àǹkárá bò ó.