Ọ̀nà Irin Shihoro: Bí Ó Ti Dìde àti Bí Ó Ti Parí

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, nígbà tí a bá ń kọ́ ìtàn ọkọ̀ ojú irin, ọjọ́ tí a ṣí ọ̀nà ni a sábà máa ń há sórí. A mọ̀ pé ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wọ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a tó bèèrè bí ọ̀nà irin ṣe ń kú. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọ̀nà kan ní ilẹ̀ Japan, èyí tí àlàfo àárín irin rẹ̀ méjèèjì bá ti ọ̀nà àtijọ́ láti Èkó sí Ìbàdàn dọ́gba, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Shihoro ni orúkọ rẹ̀.

Ní àríwá ilẹ̀ Japan ni erékùṣù Hokkaido wà. Àwọn Ainu ni ó ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ọdún 1869 ni ìjọba Japan fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àgbẹ̀ lọ síbẹ̀. Ní ọdún 1883 ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan tẹ̀dó sí Obihiro, ọkọ̀ ojú irin sì dé ìlú náà ní 1905. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó yí i ká dára fún ẹ̀wà, ànàmọ́ òyìnbó, àti bíìtì tí a ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ṣúgà. Ní ìhà àríwá pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, òkè gíga wà, igbó kìjikìji sì bò ó. Kí a lè kó irè oko àti igi wọ̀nyí jáde ni a ṣe la ọ̀nà irin Shihoro.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1925 ni ọkọ̀ kọ́kọ́ rìn láti Obihiro dé Shihoro. Ní ọdún kejì ó dé Kamishihoro. Lẹ́yìn èyí ni ó dojú kọ òkè: ó dé Nukabira ní 1937, ó sì dé Tokachi-Mitsumata ní 1939, níbi tí ó ga ju mítà 600 lọ sókè òkun. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 78.3, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 49.

Nínú àfonífojì odò Otofuke, afárá ni wọ́n ń ṣe lé afárá. Owó ńlá ni ìbá ná wọn láti ru irin lọ sínú igbó, nítorí náà wọ́n kó iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ láti inú odò náà, wọ́n pò wọ́n mọ́ sìmẹ́ńtì, wọ́n sì fi mọ àwọn afárá tí ó tẹ̀ bí òṣùmàrè. Wọ́n tún rò ó pé ẹwà irú afárá bẹ́ẹ̀ yẹ ibẹ̀, nítorí ní 1934 ni ìjọba ti ya ilẹ̀ òkè náà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà orílẹ̀-èdè, tí a ń pè ní Daisetsuzan. Èrò wọn ni pé ọ̀nà náà yóò la òkè já dé Kamikawa. Kò já a láé; Mitsumata ni ó pin sí.

Iṣẹ́ igi ni ó sọ Mitsumata di ìlú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1954, ìjì líle kan jà ní Hokkaido, ó wó igi lulẹ̀ lọ jàra, ìkójáde wọn sì mú kí iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ní àkókò yìí kan náà wọ́n ń sé odò ní Nukabira láti fi agbára omi ṣe iná mànàmáná. Omi bo ojú ọ̀nà àtijọ́, wọ́n sì ní láti gbé irin náà lọ sí ìhà kejì adágún ní 1955.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọjà. Nígbà tí igi dínkù, tí lọ́rì sì ń gba ẹrù tí ó kù, àwọn òṣìṣẹ́ kó ẹrù wọn, wọ́n fi Mitsumata sílẹ̀ fún ìdílé díẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1978, a dá ọkọ̀ ojú irin dúró láàárín Nukabira àti Mitsumata, a sì fi bọ́ọ̀sì rọ́pò rẹ̀. Nínú ìwé ìjọba, apá ibẹ̀ ṣì wà láàyè. Lórí ilẹ̀, koríko ni ó ń hù láàárín irin.

Láti ọdún 1964 ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìjọba Japan ti ń ná ju owó tí ó ń wọlé lọ. Ní 1980 wọ́n ṣe òfin kan láti tún un tò. Wọ́n ka iye èrò tí ń gba orí kìlómítà kọ̀ọ̀kan kọjá lóòjọ́. Ọ̀nà tí tirẹ̀ kò bá tó 4,000, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà, a ó yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà. Ọ̀nà 83 ni wọ́n yàn bẹ́ẹ̀, Shihoro sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1987 ni wọ́n pa á rẹ́ pátápátá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ ńlá náà fúnra rẹ̀ di pípín.

Ǹjẹ́ a ha lè dá àwọn tí ó pa á lẹ́bi? Gbèsè kì í ṣe ohun àmúṣeré, ọkọ̀ òfìfo kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní àǹfààní. Síbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé tí ó ń dúró de ọkọ̀ nínú òjò dídì, ẹyọ kan ṣoṣo ni nínú ìṣirò náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ọkọ̀ mìíràn. Ní tiwa, a rò pé kì í ṣe ọdún 1987 ni àṣìṣe náà bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a gbé ìlú kan lé orí ẹrù kan ṣoṣo. Igi tí ọkọ̀ náà ń kó jáde ni oúnjẹ ìlú náà. Bí ó ṣe ń kó o ni ó ń sún òpin ara rẹ̀ mọ́tòsí.

Lónìí, afárá àtijọ́ kan, Taushubetsu, tí a mọ ní 1937, ṣì dúró nínú adágún Nukabira. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 130, ojú rẹ̀ sì jẹ́ mọ́kànlá. Nígbà òtútù, bí omi bá fà, ó yọ jáde. Bí omi bá tún kún, ó rì. Omi tí ó ń dì nínú rẹ̀ ń là á díẹ̀díẹ̀, a kò sì tún un ṣe. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó, àwọn tí kò wọ ọkọ̀ rẹ̀ rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń fi ọ̀nà irin han ọmọ nínú àwòrán ilẹ̀, ẹ má ṣe bi í ní orúkọ ìlú nìkan. Ẹ bi í pẹ̀lú pé: Kí ni ọ̀nà yìí ń gbé? Bí ẹrù náà bá tán, kí ni àwọn ará ibẹ̀ yóò máa jẹ?