Ṣé géèmù ló ń sọ ọmọ di jàgídíjàgan? Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn

 

Ọ̀rọ̀ tó dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ìpàdé wa ló mú ká kọ eléyìí. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 14, fọ́ ìgò mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí níwájú ilé géèmù àdúgbò wa. Wọ́n rán orí ọmọ náà, ó ti san báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàdé jókòó, ohùn kan ṣoṣo ló ń jáde: "Géèmù ìpànìyàn yẹn ni! Ẹ jẹ́ ká lé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà dànù." Àwa bíi mẹ́ta bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ká fi wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a rí rèé.

Àkọ́kọ́, ẹjọ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ ju géèmù fúnra rẹ̀ lọ. Ní 1954, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ géèmù fídíò, dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, Fredric Wertham, kọ ìwé pé àwọn ìwé ìtàn alàwòrán ló ń sọ ọmọ di ọ̀daràn. Àwọn aṣòfin jókòó lé e lórí, àwọn tó ń tẹ ìwé náà sì fẹnu ara wọn ṣòfin fún ara wọn lọ́dún yẹn kan náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní 2012, olùwádìí kan, Carol Tilley, yẹ ìwé tí dókítà náà fi sílẹ̀ wò. Ó rí i pé ó ti yí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kan padà kó lè bá ohun tó fẹ́ sọ mu. Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀?

Ní 1976 ni ọ̀rọ̀ wá kan géèmù. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Death Race. Èèyàn á máa wa mọ́tò, á máa fi gba àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan, wọ́n á ké, ibojì á sì yọ níbi tí wọ́n kú sí. Àwòrán rẹ̀ ò dára rárá, igi lásán ló jọ, síbẹ̀ ariwo ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni Mortal Kombat dé ní 1992, níbi tí wọ́n ti ń fa eegun ẹ̀yìn èèyàn yọ, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ní oṣù Kejìlá 1993, sẹ́nétọ̀ méjì, Joseph Lieberman àti Herb Kohl, pe àwọn oníṣòwò géèmù wá ṣàlàyé ara wọn. Láti ibẹ̀ ni àmì ọjọ́ orí tó máa ń wà lára páálí géèmù ti wá. Ọdún 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó wá mú gbogbo ayé pariwo ni ti Columbine. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 1999, ọmọ ilé ìwé méjì ní ìpínlẹ̀ Colorado gbé ìbọn lọ sí ilé ìwé wọn, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ 12 àti olùkọ́ kan, kí wọ́n tó pa ara wọn. Ó hàn pé wọ́n máa ń gbá géèmù Doom. Ó parí, gbogbo ẹnu ní géèmù ni.

Ṣùgbọ́n àwọn agbófinró tó ń ṣọ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, Secret Service, pẹ̀lú iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wọn, jókòó ṣe ìwádìí. Wọ́n yẹ ìṣẹ̀lẹ̀ 37 wò, láti 1974 dé 2000, tí ọmọ 41 lọ́wọ́ sí. Ní 2002 wọ́n gbé èsì jáde. Nínú ọmọ mẹ́jọ, ẹyọ kan péré ló fẹ́ràn géèmù ìwà ipá. Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù ìjà pọ̀ jù wọ́n lọ, àwọn tó fẹ́ràn ìwé náà pọ̀ jù wọ́n lọ. Kí wá ni wọ́n jọ ní? Nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ pé àwọn ẹlòmíì ti ń fìyà jẹ wọ́n, tàbí tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó di ìbọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì rí ìbọn mú nínú ilé tiwọn tàbí nílé mọ̀lẹ́bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

A ò ní sọ pé géèmù ò ní ipa kankan o. Àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá kan rí nǹkan. Wọ́n á ní kí ọ̀dọ́ gbá géèmù ìjà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á wá ní kó bu ata fún ẹni tí wọ́n ti sọ fún un pé kì í jẹ ata. Bí ata ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń wọn ìbínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé nínú irú ìdánwò báyìí, àwọn tó gbá géèmù ìjà máa ń le díẹ̀ sí i nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa, ẹni tó bu ata jù, ṣé apànìyàn nìyẹn? Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ náà ní Amẹ́ríkà, APA, sọ ọ́ ní 2015, wọ́n tún tẹnu mọ́ ọn ní 2020: géèmù lè mú ọmọ kanra díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rí ò tó láti sọ pé òun ló ń fa ìpànìyàn. Ní 2019, àwọn olùwádìí Oxford bá ọmọ ọdún 14 àti 15 tó lé ní 1,000 sọ̀rọ̀ ní ìlú Ọba, wọ́n tún bi àwọn òbí wọn léèrè ìwà wọn. Wọn ò rí i pé àwọn tó ń gbá géèmù ìjà burú ju àwọn yòókù lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà náà ti fagi lé òfin California ní 2011, èyí tó ní kí wọ́n má ta irú géèmù bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Adájọ́ méje sí méjì ni.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Àwa tá a ti lé ní 50 ọdún, ẹ ò rántí fíìmù Bruce Lee ni? Bá a bá ti jáde ní sinimá, ìpá là ń ta títí dé ilé. Àwọn bàbá wa ní fíìmù yẹn máa sọ wá di ọmọ ìta. Ẹ wò wá lónìí: ẹlòmíì ń ta aṣọ, ẹlòmíì ń ta páànù, kò sẹ́ni tó lè ta ìpá mọ́, ẹ̀yìn ń dun gbogbo wa.

Ju ìyẹn lọ, bí ẹnì kan bá máa mọ ibi tí ìwà ipá ti ń wá, ó yẹ kó jẹ́ àwa. Ìjà ṣẹlẹ̀ ní Kano yìí ní 1953. Ní oṣù Kejìlá 1980, rògbòdìyàn Maitatsine pa èèyàn tó lé ní 4,000. Géèmù wo ni wọ́n gbá? Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tálákà tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Àgbàlagbà ló fi ọ̀rọ̀ sí wọn létí.

Nítorí náà, a lọ bá ọmọ tó fọ́ ìgò. A bi í léèrè jẹ́jẹ́. Ó sunkún kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ń pe òun ní "ọmọ ajigbèsè" níwájú àwọn ọ̀rẹ́ òun, láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù bàbá òun ti kógbá. Bàbá rẹ̀ ò mọ̀. Àwa tá a jọ wà ládùúgbò ò mọ̀. Ta ló kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ "ajigbèsè" yẹn? Àwa ni. Lẹ́nu wa ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Àwọn àgbà ní ká lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Akátá ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ilé. Ní ti adìẹ, a ti bá ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀: kó má ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ilé ìwé kó tó di aago mẹ́ta, kó má gba tẹ́tẹ́ láàyè, kó má sì fi géèmù tí wọ́n kọ 18 sí lára fún ọmọ kékeré. Ó gbà. Ohun tí a máa gbé lọ sí ìpàdé ni pé ká má lé e. Ká wá lọ bẹ bàbá ọmọ náà, ká sì dá owó díẹ̀ jọ fún un kó tún lè ná ọjà.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Báwo ni ẹ ṣe rí i ní ìlú tí ẹ wà?