Ẹ Bi Kòkòrò Léèrè

Kòkòrò kékeré kan wà tó máa ń gbẹ́ ihò sínú iyanrìn gbígbẹ. Ẹnu ihò náà á fẹ̀, ìdí rẹ̀ á ṣe ṣóńṣó bí àrọ. Èèrà tó bá ṣèèṣì gba ibẹ̀ kọjá á yọ̀, kòkòrò náà á sì máa da iyanrìn lù ú láti ìsàlẹ̀ títí tí yóò fi bọ́ sí i lẹ́nu. Eré làwọn ọmọdé ń fi í ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1965, ó di ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Kó tó dìgbà yẹn, olùkọ́ á ya òdòdó sójú pátákó, á dárúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á sì há a sórí. Òdòdó gidi sì wà lẹ́yìn fèrèsé. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù January 1955, ọmọ ya wọ ilé-ìwé, olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò sì kárí. Àkọ́sórí ló yá jù.

Ìpàdé kan tó wáyé ní Kánò ní 1965 ló bí African Primary Science Program, ètò tó gba ọ̀nà mìíràn láti kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Owó ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é, àwọn olùkọ́ láti Nàìjíríà, Gánà, Kẹ́ńyà àtàwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì dá sí i. Ohun èlò wọn kò ju iyanrìn, omi, irúgbìn, ẹ̀fọn, bátìrì àti gílóòbù lọ. Ìwé atọ́nà kan, Ask the Ant Lion, dá lórí kòkòrò inú iyanrìn yẹn. Ṣé ó lè rìn síwájú? Bí iyanrìn bá tutù ńkọ́? Olùkọ́ kò ní dáhùn. Ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ wò ó. Àwọn ọmọ á wá fojú ara wọn rí i pé ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló ń rìn.

Ní Kẹ́ńyà, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan, Eleanor Duckworth, fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà so èso. Ó kó oríṣiríṣi nǹkan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ó sì ń wo ohun tí wọ́n ń fi wọ́n dá. Àwọn tó ti gba ẹ̀kọ́ náà rí ohun púpọ̀ ṣe ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ.

Ṣùgbọ́n èdè wo ni ọmọ yóò fi sọ ohun tó rí? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gba owó lọ́wọ́ Ford Foundation, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tiwọn nílé-ìwé St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún 6 gbáko. Gẹ̀ẹ́sì ní olùkọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló mókè, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni jálẹ̀ ọdún 6 ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 2025, wọ́n wọ́gi lé e.